Ẹ̀ẹ̀rùn Là Ń Gbẹ́lẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í fi Ṣàngó búra lẹ́ẹ̀rùn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ààrá kì í sán lẹ́ẹ̀rùn, ẹni tó bá sì fi Ṣàngó búra nígbà náà mọ̀ pé kò sí ohun tí yóò mú òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀jẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń jẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún rí. A óò máa jí ní kùtùkùtù, a óò fi ọtí sílẹ̀, a óò parí ìwé tí a ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kí oṣù kejì tó parí, ẹ̀jẹ́ ti fọ́, a sì ti ń pe ara wa ní ọ̀lẹ.

Èrò tèmi ni pé kì í ṣe gbogbo ìlọ́ra ni ìwà ọ̀lẹ. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé a kò mọ ìyàtọ̀ láàárín àkókò tí à ń gbìn àti àkókò tí à ń gbẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí a ti kọ́ èdè ìsọdọ̀tun yìí. Inú ìwé àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni a ti ń kà á pé òtútù ti ń lọ, òdòdó ti ń tanná, àsìkò ti tó kí èèyàn dìde. Òótọ́ ni lọ́dọ̀ tiwọn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú oṣù Kejìlá, oòrùn a máa wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Tí oṣù Kẹta bá ń parí lọ, wọn a sún aago síwájú ní wákàtí kan, ojúmọ́ a sì máa gùn sí i. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé níbẹ̀ mọ bí ara ṣe ń yá nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àárín gbùngbùn ọyẹ́ ni oṣù kìíní bọ́ sí. Eruku tó ń ti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá a bo ojú ọ̀run, ètè á là, koríko á gbẹ. Òjò àkọ́rọ̀ ló ń yí ọdún padà fún wa. Ní àwọn ìlú tó sún mọ́ òkun, ó lè jẹ́ nínú oṣù Kẹta. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Sahel, ó di nǹkan bí oṣù Kẹfà.

Òjò àkọ́rọ̀ pàápàá a máa tan èèyàn. Àwọn àgbẹ̀ Sahel mọ̀ ọ́n dáadáa. Òjò á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn kan á yára fọ́n irúgbìn sílẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀run á mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ohun tó hù á rọ, irúgbìn á sì ti ṣòfò. Àgbẹ̀ tó gbọ́n á fọwọ́ kan ilẹ̀, á wò ó bóyá omi ti wọlé jìnnà. Bí ẹ bá bá a níbi tó jókòó sí, ẹ ó ní ó ń fi iṣẹ́ falẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó mọ̀ ló ń dá a dúró. Nítorí náà, tí nǹkan kan nínú rẹ bá kọ̀ láti fò síwájú, má kàn nà án lẹ́gba. Kọ́kọ́ bi í pé kí ló mọ̀. Ó lè jẹ́ pé owó kò tíì pé. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ò ń lé kì í ṣe tìrẹ, pé ojú ayé lo ń wò.

Ṣùgbọ́n ìlọ́ra ọlọgbọ́n ní ìbejì kan tó jọ ọ́ gan-an. Ìyẹn ni ìlọ́ra ẹni tó ń sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ rọ̀ ná.” Ìtàn Yacouba Sawadogo ló là mí lójú sí ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ọ̀dá mú gan-an ní Yatenga, ní àríwá Burkina Faso. Ilẹ̀ le bí òkúta, àwọn èèyàn sì ń kó ẹrù wọn lọ síbòmíràn. Sawadogo, ọmọ abúlé Gourga, fi òwò tó ń ṣe lọ́jà sílẹ̀, ó padà sóko. Àwọn baba wọn ti ń gbẹ́ àwọn kòtò kéékèèké kan tí wọ́n ń pè ní zaï. Ó mú iṣẹ́ àtijọ́ yìí, ó jẹ́ kí kòtò náà fẹ̀ kí ó sì jìn sí i, ó sì kó ìgbẹ́ ẹran àti ewé tó ti jẹrà sínú rẹ̀. Ajílẹ̀ yìí fa ikán wá, ikán lu ilẹ̀ líle náà, omi òjò sì rí ọ̀nà wọlé dípò kí ó ṣàn lọ. Ọkà bàbà àti jéró hù. Ó tún gbin igi, títí ibẹ̀ fi di igbó tó tó nǹkan bí 40 hẹ́kítà. Ní ọdún 2018, ó gba ẹ̀bùn Right Livelihood. Ó kú nínú oṣù Kejìlá ọdún 2023.

Ìgbà wo ló ń gbẹ́ kòtò wọ̀nyí? Ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí kò sí ẹ̀kán omi kan, tí àwọn yòókù ń retí òjò. Hẹ́kítà kan lè gbà ju 10,000 kòtò lọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì lè gba 300 wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n tilẹ̀ dáná sun ohun tó gbìn. Síbẹ̀, nígbà tí òjò dé, ilẹ̀ tirẹ̀ ló ní ibi tí yóò gbà á sí. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Ibí ni mo ti rí òdiwọ̀n tí mo fi ń wọn ìlọ́ra: kí ni ọwọ́ ń ṣe nígbà tí ọkàn ń dúró? Ìlọ́ra tó jẹ́ ọgbọ́n a máa gbẹ́lẹ̀. Èyí tó jẹ́ ìbẹ̀rù a máa wo ojú ọ̀run lásán. Ẹni tí kò tíì lè dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó. Ẹni tí kò tíì lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè kọ́kọ́ dẹ́kun sísọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa.

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn lẹ́nu, pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ti gbẹ́ kòtò títí, òjò kò rọ̀. Mi ò lè jiyàn. Sawadogo fúnra rẹ̀ rí i bí ìlú Ouahigouya tó ń fẹ̀ sí i ṣe ń jẹ igbó rẹ̀. Iṣẹ́ kì í fìgbà gbogbo mú èrè wá, ìjọba tó bá sì fi ilẹ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ gbẹ kò gbọdọ̀ máa wàásù sùúrù fún wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí a kò gbẹ́, ẹnu ọ̀nà wa ló máa ń ṣàn kọjá lọ.

Kì í sì í ṣe ìgbà kan náà ni gbogbo ẹ̀dá ń rúwé. Igi kan wà tí àwọn Hausa ń pè ní gawo. Ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń rúwé, tí òjò bá dé, a wọ́ ewé sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ kì í gé e, nítorí pé ewé tó wọ́ ń sọ ilẹ̀ dọ̀rá, kò sì í ṣíji bo jéró tó wà nídìí rẹ̀. Tí ẹgbẹ́ rẹ bá ti ń rúwé tí ìwọ kò sì tíì rú, bóyá irú igi yẹn ni ọ́.

Nítorí náà, bí ọyẹ́ bá tún dé, ẹ má wulẹ̀ fi Ṣàngó búra. Ẹ mú ọkọ́, kí ẹ gbẹ́ kòtò kan. Ọ̀la, ẹ gbẹ́ òmíràn.