Ìbọn Nìkan Kọ́ Ló Pa Ìjà June 12



Ìbọn nìkan kọ́ ni ìjọba ológun Nàìjíríà fi kojú ìwọ́de June 12, bí àpilẹ̀kọ kan ṣe wí. Òótọ́ ni pé ìbọn dún. Nígbà tí Babangida, olórí ìjọba ológun náà, wọ́gi lé ìbò ààrẹ June 12 tí M.K.O. Abiola ti ń mókè, lọ́jọ́ 23, oṣù Kẹfà, ọdún 1993, èrò tú síta ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje. Táyà ń jó lójú títì. Awakọ̀ tí kò bá fi ewé tútù há iwájú ọkọ̀, láti fi hàn pé òun wà lẹ́yìn ìwọ́de náà, kò gbọdọ̀ kọjá. Ṣọ́jà yìnbọn, ẹ̀mí tó bọ́ sì lé ní 100.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọgbọ́n àyínìke dé. Babangida yẹ̀bá lóṣù Kẹjọ, ó gbé ìjọba fìdíhẹ lé Ernest Shonekan lọ́wọ́, ọmọ Ẹ̀gbá bíi Abiola (èèṣì kọ́ o!). Ọ̀gágun Abacha gbàjọba lóṣù Kọkànlá, Babagana Kingibe tó bá Abiola díje bí igbákejì sì di mínísítà Abacha.

Lọ́jọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 1994, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo, NUPENG, da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí June 12. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tò bẹẹrẹ nílé epo. Abacha tú àwọn olórí ẹgbẹ́ náà ká, ó fi alábòójútó tirẹ̀ rọ́pò wọn, ó ti Frank Kokori, akọ̀wé àgbà NUPENG, mọ́lé, ó sì ti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Punch, Concord àti Guardian pa. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, àìrówó oṣù gbà ti dá àwọn òṣìṣẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́.