Òkun Kò Dá Kọrin
Ní ọdún 2005 ni Dùùrù Òkun tí ayàwòrán-ilé Nikola Bašić gbé kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fọhùn ní ìlú Zadar, ní Kroatíà. Páìpù 35 ló wà lábẹ́ àtẹ̀gùn etí òkun. Ìgbì ń ti afẹ́fẹ́ gba inú wọn.

Àwọn kan ní òkun fúnra rẹ̀ ló ń kọrin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbì kò mọ dò yàtọ̀ sí mí. Ènìyàn ló wọn páìpù, òun ló yan ohùn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àmì ohùn: iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tó sọ ohun tí ojú kò rí di rírí. Olùkọ́ tó bá yọ ọ́ dànù nítorí pé etí ti mọ̀ ọ́n, páìpù ló ń hú, síbẹ̀ ó ń retí orin.