INÁ WÀ FÚN ILÉ KỌ̀ǸPÚTÀ, ỌJÀ WÀ LÓKÙNKÙN: A Ò GBÀ!

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ní Mile 12, Ìkòsí àti Kétu!

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ní kì í ṣe tiwa. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé kọ̀ǹpútà ni, kí àwọn ìyá aláta má dá sí i. Mo ní ó kàn wá ju ẹni tó ń sọ ọ́ lọ.

Ilé tí mò ń wí yìí, data centre ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á to kọ̀ǹpútà jọ sínú rẹ̀ bí a ṣe ń to apẹ̀rẹ̀ tòmátì, wọn kì í sì í pa á, tọ̀sán tòru. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń gbóná, àfi kí wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù tàbí omi mú un tutù. Èmi ò ní kí wọ́n má kọ́ ọ o. Tiránsífà tí oníbàárà ń ṣe fún wa, POS tí a ń lò, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ń gbà kọjá. Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa rí ní February 2023, nígbà tí náírà di ọ̀wọ́n, tí tiránsífà ò wọlé, tí tòmátì ń jẹrà mọ́ wa lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò ó. Rack Centre tó wà ní Òrégùn, tí kò jìnnà sí Kétu, ṣí ilé tuntun ní 2025, mẹ́gáwáàtì 12 ni wọ́n kọ́ ọ fún. MTN náà ṣí tirẹ̀ ní Ìkẹjà lọ́dún kan náà. Bí fíríísà kan bá ń jẹ wáàtì 200, mẹ́gáwáàtì 12 yẹn á gbé fíríísà 60,000. Ẹ ka fíríísà tó wà lọ́jà wa, kí ẹ wo mélòó ló tutù lónìí. Àwa náà kọ́, April 2024 ni wọ́n gbé owó iná Band A láti náírà 68 sí 225. Ẹni tó bá lè san án ló ní wákàtí 20, ẹni tí ò lè san án, kó lọ ra àtùpà.

Wọ́n á ní gáàsì làwọn kan fi ń dá iná tiwọn. Gáàsì wo? Ẹ̀gbìn tó wà n'Íkòròdú, tí wọ́n kọ́ láti máa mú mẹ́gáwáàtì 1,320 wá, gáàsì náà ló ń jẹ, àìtó gáàsì sì ni wọ́n máa ń rò fún wa bí iná ọba bá lọ. Ìkòkò kan náà la jọ ń bù nínú ẹ̀.

Omi ńkọ́? Omi ẹ̀rọ ò dé ọ̀pọ̀ ojúlé wa, mẹ́rúwà là ń dúró dè. Tí odò Ògùn bá kún, omi á bo Ajégúnlẹ̀ tiwa níbí, kò sì ṣeé mu. Kì í ṣe gbogbo ilé kọ̀ǹpútà ló ń mu omi púpọ̀, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń tu òmíràn. Èwo ni tiwa? Kí wọ́n sọ ọ́ síta! Ní The Dalles, ìlú kékeré kan l'Ámẹ́ríkà, ìjọba ìlú gbé ìwé ìròyìn lọ kóòtù kí ará ìlú má baà mọ iye omi tí Google ń lò. Nígbà tó tú síta ní 2022, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin omi ìlú. Ní Ireland, ilé wọ̀nyí jẹ ìdá 21 nínú 100 iná wọn ní 2023, ó ju ti gbogbo ilé gbígbé inú ìgboro wọn lọ. Ìlú tí iná kì í lọ nìyẹn o!

Láti 2025, ọ̀rọ̀ iná Èkó ti kúrò lọ́wọ́ Abuja, LASERC ló wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi Abuja tàn wá. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí wọ́n tó fọwọ́ sí òmíràn, kí wọ́n kéde iye iná àti omi tó máa gbà, kí ẹni tó ń kọ́ ọ sì dá sí owó iná àti omi ẹ̀rọ fún ọjà àti ilé ìwòsàn tó wà nítòsí.

Lẹ́tà náà ti wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ìyálọ́jà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ẹ kó ríṣíìtì iná wá, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ ń san fún mẹ́rúwà lọ́sẹ̀ kan, kó tó di ọjọ́ ìpàdé. Ẹni tí ò mọ̀wé, kó wá tẹ̀ka.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́