Kí Wọ́n Má Sé Odò Mersey Pa

Àwọn aláṣẹ agbègbè Liverpool nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń múra láti mọ ìdídò sí ẹnu odò Mersey, kí omi òkun tó ń kún tó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ lè máa yí ẹ̀rọ iná. Iná tí kò rú èéfín, tí èèyàn sì mọ wákàtí tí yóò dé kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ lè kọ̀ kó má fẹ́. Òkun kì í yẹ àdéhùn.

Ọ̀rọ̀ ẹja ló ń kọ wá lóminú. Tọ́báìnì tó ń yí nínú omi ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù, ẹ̀rù náà sì nídìí: ní Annapolis Royal, ní Kánádà, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó ṣiṣẹ́ láti 1984 di 2019 ń pa lára ẹja tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n odò Rance ní ilẹ̀ Faransé ló yẹ kí wọ́n lọ kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lágbàáyé ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1966: tọ́báìnì 24, mẹ́gáwáàtì 240. Kí àwọn òṣìṣẹ́ lè rí ilẹ̀ gbígbẹ kọ́ ọ sí, wọ́n sé odò náà mọ́ òkun fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Iyọ̀ inú omi dínkù, ẹrẹ̀ ń rọ̀ sísàlẹ̀, ohun ẹlẹ́mìí ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Kí tọ́báìnì kankan tó yí ni o! Ó gbà tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí ẹja àti akàn tó tún kún ibẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo irú ẹja àtijọ́ ló padà. Àwọn tó fẹ́ràn ìdídò máa ń fi ìpadàbọ̀ yìí yangàn. Ta ló wá bọ́ apẹja fún ọdún mẹ́wàá yẹn?

Mersey tún ní tirẹ̀. Bí omi bá fà, ilẹ̀ ẹrẹ̀ gbalasa á yọ síta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ á sì wá jẹun níbẹ̀ nígbà òtútù. Ìdídò kì í jẹ́ kí omi fà tó bó ṣe ń fà tẹ́lẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ ni pé kí wọ́n kọ́ ọ ní ìdá-ìdá, kí òkun máa ráyè wọlé ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Kí àwọn tí kì í gba owó lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe ka ẹja àti ẹyẹ ibẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré àkọ́kọ́, kí wọ́n sì ní àṣẹ láti dá tọ́báìnì dúró lásìkò tí ẹja bá ń gòkè lọ pamọ. Bí èyí bá mú ìnáwó náà ga sí i, kí wọ́n ti kà á mọ́ ọn láti ìsinsìnyí.