Àgbò Alaba Rago rí olùyẹ̀wò, àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù wa kò rí

Àìtètè mú olè, olè a máa mú olóko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ àìsàn rí. Èyí tí a bá tètè rí, a lè bá a jà. Èyí tí a kò wá, òun ni yóò wá wa wá. Ìtàn Carl Ikeme, aṣọ́lé Wolverhampton Wanderers àti Super Eagles, fi èyí hàn kedere. Ìbáwí ńlá sì ni ìtàn náà jẹ́ fún gbogbo àwọn tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà.

Ikeme kì í ṣe ìràwọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1986. Ọmọ Nàìjíríà ni baba rẹ̀. Inú àwọn líìgì ìsàlẹ̀ ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ rẹ̀. Wolves ń yá a fún ẹgbẹ́ kan tẹ̀lé òmíràn: Accrington Stanley, Stockport County, Sheffield United, Middlesbrough, Doncaster Rovers. Ó fara dà á. Nígbà tí Wolves já bọ́ sí ìpele kẹta, òun ló dúró sẹ́nu ilé nígbà tí wọ́n gba ife League One ní ọdún 2014 pẹ̀lú àmì 103. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà, nígbà tí àwa àti Tanzania ta ọ̀mì 0-0 ní Dar es Salaam. Ìgbà mẹ́wàá ló ṣọ́lé fún wa.

Ní oṣù keje ọdún 2017, Wolves ń gbaradì fún sáà tuntun ní ìpele kejì. Wọ́n yẹ ara àwọn agbábọ́ọ̀lù wò gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Ikeme kò dára. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì bá àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ẹni ọdún 31 ni nígbà náà. Ó gba ìtọ́jú líle fún ọdún kan gbáko, ó sì kéde ní oṣù kẹfà ọdún 2018 pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ lára òun. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Rui Patrício, aṣọ́lé Portugal tó dé Wolves lọ́dún náà, fi nọ́ńbà 1 sílẹ̀ láti bọlá fún un, ó mú 11. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Ikeme, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò bọ́.

Ẹ wá fi èyí wé ti ilé. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji ṣubú ní pápá ìṣeré Surulere nígbà tí a ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù, ó sì kú ní ẹni ọdún 25. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni a tó gbọ́ pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà. Ọgbọ̀n ọdún kọjá. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2020, Chineme Martins ti Nasarawa United ṣubú ní Lafia nínú ìdíje líìgì, òun náà kú. Ariwo ta, omijé dà, ọ̀rọ̀ sì rọlẹ̀.

Bí ó bá rí báyìí fún àwọn tí orílẹ̀-èdè mọ orúkọ wọn, báwo ni yóò ṣe rí fún àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀? Ẹ lọ sí Alaba Rago ní Ọ̀jọ́, ọjà tó gba orúkọ lára àgbò, nítorí "rago" ni àwọn Hausa ń pe àgbò. Ẹni tó bá wá ra àgbò Iléyá níbẹ̀ yóò la ẹnu rẹ̀ wo eyín, yóò fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, yóò wo bó ṣe ń rìn. Ṣùgbọ́n lórí àwọn pápá eléruku láti ibẹ̀ dé Okokomaiko àti Iba, ọ̀dọ́mọkùnrin yóò máa fò mú bọ́ọ̀lù látàárọ̀ dalẹ́ láìsí ẹni tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ rí. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní aṣojú yóò gba owó fọ́ọ̀mù, yóò wo gíga ọmọ náà, yóò sì ṣèlérí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un. Àyẹ̀wò ara kò sí nínú ètò rẹ̀.

Wọn yóò ní kò sí owó. Owó wà fún jẹ́sí, owó wà fún ife, owó wà fún pátákó tí wọ́n lẹ àwòrán olóṣèlú mọ́. Àwọn mìíràn yóò ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kí a má pe àìsàn mọ́ ọmọ àwọn. Àyẹ̀wò kì í pe àìsàn; àṣírí rẹ̀ ló ń tú. Àwọn kan yóò ní àyẹ̀wò kò lè rí gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú pàjáwìrì fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Nígbà tí Fabrice Muamba ti Bolton ṣubú ní pápá Tottenham ní ọdún 2012, ọkàn rẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú 78, síbẹ̀ ó yè, nítorí àwọn tó mọ iṣẹ́ wà nítòsí pẹ̀lú irinṣẹ́ wọn.

Kí àjọ NFF àti àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ Èkó fi ìjìyà sí òfin yìí: ẹgbẹ́ tí kò bá ní ìwé àyẹ̀wò ara fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ wọ pápá. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti ìjọba ìdàgbàsókè Iba máa rán òṣìṣẹ́ ìlera lọ síbi ìdíje àdúgbò. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san owó fọ́ọ̀mù, ẹ béèrè dókítà. Aṣojú tó bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ gba ọmọ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ tí a fẹ́ kó di Ikeme lọ́la, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe fún un lónìí ohun tí Wolves ṣe fún Ikeme.