Ìbalẹ̀ Pẹ̀lẹ́ Kọ́ Ni Ìbalẹ̀ Ire

Ẹ wọ bàálù láti Àbújá sí Èkó, ẹ ó rí i. Táyà kò tíì dúró lórí títì tán tí àtẹ́wọ́ ti ń dún. Bí bàálù bá rọra kan ilẹ̀, wọ́n á ní awakọ̀ náà mọṣẹ́, àgbà ọ̀jẹ̀ ni. Bó bá fi ilẹ̀ gbá wọn nídìí, ìyá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé á pòṣé, á ní ta ló gbé ọkọ̀ fún ọmọdé. Ìgbàgbọ́ yìí ni mo gbé kálàmù láti bá jà, pé bí ìdí èrò bá ṣe kan ilẹ̀ la fi ń mọ awakọ̀ tó dáńtọ́. Irọ́ ni. Irọ́ náà ò sì mọ sọ́dọ̀ èrò nìkan. Àwọn tó ń fi bàálù kéékèèké najú lópin ọ̀sẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbà á gbọ́ pẹ̀lú, òun ló sì ń kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sínú ìtìjú tí ẹgbẹ́ á máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ títí ọdún á fi yípo.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbalẹ̀ tó rọ̀ jù lọ. Àwọn bàálù kéékèèké kan wà tí ẹsẹ̀ wọn ń ká wọnú bí wọ́n bá ti gbéra, kí wọ́n lè sáré dáadáa. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rántí na ẹsẹ̀ náà jáde kó tó balẹ̀. Bí ìyẹ́ bá sún mọ́ ilẹ̀ gan-an, afẹ́fẹ́ a máa gbé e ró sí i. Bí ẹsẹ̀ ò bá wá sí níta, ìyẹ́ á sún mọ́ ilẹ̀ ju ti ìgbàkigbà lọ. Nítorí náà, ọjọ́ tí awakọ̀ bá gbàgbé ẹsẹ̀ gan-an ni bàálù máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ jù. Á ti máa yin ara rẹ̀ lọ́kàn. Ìgbà tó bá gbọ́ ariwo irin tó ń ha títì, tí abẹ̀bẹ̀ iwájú dúró gbagidi, tí etí rẹ̀ ká bí ìwo àgbò, ni ojú rẹ̀ á tó là. Bóyá ni ẹnikẹ́ni á fara pa, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ yẹ̀ wò, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Àwàdà pọ̀ lórí èyí láàrin àwọn awakọ̀. Wọ́n ní wàá mọ̀ pé o gbàgbé ẹsẹ̀ bó bá di pé gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì lo nílò kí bàálù tó lè yí kúrò lójú kan. Wọ́n tún ní àwọn tó ń darí bàálù láti orí ilé gogoro ń ké sí awakọ̀ kan nínú rédíò pé kó má balẹ̀ o, ọ̀gbẹ́ni sì balẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ó ní òun ò gbọ́ wọn, fèrè kan ló ń dún gooro mọ́ òun létí. Fèrè tó ń kìlọ̀ pé ẹsẹ̀ ò tíì jáde ni!

Ẹ má torí àwàdà rò pé òmùgọ̀ nìkan ló ń ṣàṣìṣe lórí ẹsẹ̀ bàálù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó ń wa bàálù ogun B-17, ọkùnrin tó ti la ìbọn já, máa ń balẹ̀ tán láyọ̀, wọ́n á sì ká ẹsẹ̀ bàálù mọ́ ọn nídìí lórí títì. Alphonse Chapanis tí wọ́n ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà wo inú ibi tí awakọ̀ ń jókòó, ó rí i pé bọ́tìnnì tó ń ká ẹsẹ̀ àti èyí tó ń ká pátákó ẹ̀yìn ìyẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Ó ní kí wọ́n fi táyà rọ́bà kékeré sórí ti ẹsẹ̀, kí wọ́n fi ohun tó rí bí pátákó sórí ti ìyẹ́, kí ọwọ́ lè mọ èyí tó dì mú láìjẹ́ pé ojú wò ó. Títí dòní, orí ohun ìdìmú ẹsẹ̀ bàálù rí roboto bíi táyà. Síbẹ̀, ní 1980, NTSB, ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ìjàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, tún ní láti kọ odidi ìròyìn lórí Beechcraft Bonanza àti Baron, bàálù àwọn olówó, nítorí bí wọ́n ṣe to bọ́tìnnì méjèèjì yìí sínú wọn. Ìbalẹ̀ tí wọ́n ti ṣe dáadáa ni wọ́n ń bà jẹ́ lẹ́yìn tí èrò ti mí kanlẹ̀.

Ẹ tún wo Harrison Ford, òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀, tó ń fi bàálù wíwà gbádùn ara rẹ̀. Ní March 5, 2015, ẹ́ńjìnnì bàálù rẹ̀ àtijọ́ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kété lẹ́yìn tó gbéra ní Santa Monica. Ó yí i síbi pápá gọ́ọ̀fù kan, ó gbá orí igi, ó já lulẹ̀, egungun rẹ̀ ṣẹ́. Ìbalẹ̀ rírorò gbáà. Ní February 13, 2017, òun kan náà wa Husky, bàálù kékeré tí ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè, lọ sí pápákọ̀ John Wayne ní California. Wọ́n ní kó balẹ̀ sórí títì ìbalẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tí àwọn bàálù ń gbà yí lọ sídìí títì ló balẹ̀ sí. Ó sì fò kọjá lórí Boeing 737 tí èèyàn 116 jókòó sínú rẹ̀ tí wọ́n ń dúró láti gbéra. Bàálù rẹ̀ kò bàjẹ́, òun náà ò ní ìpalára. Ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀ fún àwọn tó ń darí bàálù, ìjọba ò sì fìyà jẹ ẹ́.

Ó yá, ẹ̀yin onídàájọ́ ìdí, èwo nínú méjèèjì ló dára? Èyí tó ṣẹ́ ẹ légungun ni. Ẹ́ńjìnnì ti kú, ilé pọ̀ yí i ká, ó wá ibi tí kò ti ní pa ẹlòmíràn, ó sì wà láàyè. Èyí tó rọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ di àkóbá.

Awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Douglas Corrigan ṣe ju ti Ford lọ. Ní July 1938 ó gbéra ní Brooklyn, ó ní California lòun ń lọ. Ó lo wákàtí méjìdínlọ́gbọ̀n lójú òfurufú, ó sì balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ sí Baldonnel, lẹ́bàá Dublin, ní ilẹ̀ Ireland. Ó ní kọ́ńpáàsì ló ṣi òun lọ́nà. Ìjọba ti kọ́kọ́ kọ̀ fún un láti sọdá òkun, ẹni tó bá gbàgbọ́ kó gbàgbọ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni wọ́n fi gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, New York sì ya sójú títì láti pàdé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó bí mi nínú jù ni ohun tí wíwá ìrọ̀rùn ń fojú àwọn awakọ̀ ọjọ́ ìsinmi rí. Ẹ mú Cessna 172, bàálù tí wọ́n tíì ṣe jù lọ láyé. Eré bíi nọ́ọ̀tì 65 ló yẹ kó máa sá bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀. Awakọ̀ tó ń bẹ̀rù kí ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ má pòṣé á fi mẹ́wàá kún un, kí ó lè rọra gbé e kalẹ̀. Mẹ́wàá yẹn nìkan fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kún agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa. Bàálù kò ní balẹ̀ mọ́. Á máa léfòó lọ lórí títì, títì sì ń tán lọ. Ara awakọ̀ ò balẹ̀, á fi imú rẹ̀ sísàlẹ̀. Táyà iwájú á kọ́kọ́ kan ilẹ̀, á ta sókè. Á tún tì í, á tún ta, ìtasókè kejì á ga ju ti àkọ́kọ́. Nígbà tó bá máa di ìkẹta, ẹsẹ̀ iwájú, tí wọ́n so mọ́ ògiri irin tó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀, á tẹ̀, ògiri náà á sì wó díẹ̀. Ẹni tó kàn gbé e kalẹ̀ gbì, tó sì dúró síbi tó yẹ, ti ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀. Ìwòsàn ìtasókè ò sì le: kí o fi gbogbo agbára sí ẹ́ńjìnnì, kí o gbéra padà, kí o wá ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Lórí títì tó tutù, gbígbé e kalẹ̀ pẹ̀lú agbára gan-an ni wọ́n ń kọ́ awakọ̀, kí táyà lè gún omi kan ilẹ̀. Ẹni tó bá rọra fi lé orí omi lè yọ̀ lọ títí dé inú igbó.

Ẹ tún lọ ka ìlànà tí FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, fi ń dán ẹni tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ bàálù àdáni wò. Akẹ́kọ̀ọ́ á tọ́ka síbi tó fẹ́ balẹ̀ sí. Kò gbọ́dọ̀ balẹ̀ ṣáájú ibẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ fi ju 400 ẹsẹ̀ bàtà kọjá ibẹ̀. Fún títì kúkúrú, 200 ni. Imú bàálù gbọ́dọ̀ dúró gbọnrangandan pẹ̀lú títì, kò gbọ́dọ̀ máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orí ilẹ̀ rírọ̀, bíi pápá koríko tó ní ẹrẹ̀, ni wọ́n ti dìídì béèrè pé kó kan ilẹ̀ jẹ́jẹ́, nítorí táyà iwájú lè rì. Ibẹ̀ ni mo gbà fún yín.

Nínú ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ọjọ́ ìsinmi náà, wọ́n máa ń díje. Wọ́n á fa ìlà sórí títì, wọ́n á jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín bí bàálù ṣe ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Ẹni tó bá balẹ̀ ṣáájú ìlà ti jáde nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á na okùn ìwọ̀n láti ìlà dé ibi tí táyà ti kan ilẹ̀, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló gba ife, ìdí rẹ̀ ì báà máa ta á.