Ẹlẹ́dẹ̀ Lásán Kọ́: Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Sí Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Lucky Orimisan Aiyedatiwa,
Ilé Ìjọba, Àkúrẹ́.

Ìkíni inú lẹ́tà yìí kò ní í gùn, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò fààyè gba oríkì. Èsì kan ló bí lẹ́tà yìí. Nígbà tí àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Òde-Ìrèlè kó ẹjọ́ ẹran wọn tó ń kú lọ sí ọ́fíìsì kan tí orúkọ rẹ̀ kò ní í wọ ìwé yìí, ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé kí wọ́n má da ara wọn láàmú, pé ẹlẹ́dẹ̀ lásán ni, pé irú àrùn bẹ́ẹ̀ kì í pa ènìyàn. Òótọ́ ni pé kì í pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ “lásán” yẹn ni ìwọ̀sí.

Kò sí ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹran náà lọ fún àyẹ̀wò, nítorí náà àmì ara wọn nìkan ló kù tí a lè fi sọ̀rọ̀, àmì náà sì bá ti ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà mu, ìyẹn àrùn tí fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, máa ń fà. Ara gbígbóná ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tí kì í kọ oúnjẹ yóò kọ oúnjẹ, etí rẹ̀ àti abẹ́ ikùn rẹ̀ yóò pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún, ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde nímú tàbí nídìí rẹ̀, láàárín ọjọ́ díẹ̀ yóò sì ti kú. Ìmàdò àti túùkú, tí wọ́n jẹ́ ìbátan ẹlẹ́dẹ̀ nínú igbó, lè gbé fáírọ́ọ̀sì yìí sára kí nǹkan kan má ṣe wọ́n, eégbọn kan tó ń gbé inú ihò ìmàdò ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà ló sì ń gbé e láti ara ẹran kan dé ara òmíràn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, ọkọ̀ akẹ́ran, bàtà alápatà, ọbẹ, ẹran tútù àti àjẹkù oúnjẹ tí kò jiná ló ń gbé e kiri jù. Àwọn àgbà ní ìmàdò ìbá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a bàlú jẹ́. Nínú ọ̀ràn yìí, ìmàdò jókòó jẹ́ẹ́ sínú igbó rẹ̀, ènìyàn ló ń ba ìlú jẹ́.

Ìmọ̀ ìtànkálẹ̀ àrùn, ìyẹn ẹ̀kọ́ tó ń wádìí ibi tí àrùn ti wá, ọ̀nà tó gbà àti ibi tó kọjú sí, ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ti kọ nípa àrùn náà láti Kẹ́ńyà ní ọdún 1921. Ó wọ Côte d'Ivoire ní 1996, ó dé Benin àti Togo ní 1997, ọdún yẹn náà ló sì gba ẹnubodè wọ Nàìjíríà. Ní 2020, ó ya wọ ọgbà àwọn ẹlẹ́lẹ́dẹ̀ ní Òkè-Aró ní ààlà Èkó àti Ògùn, ó sọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ di ahoro. Ọdún yẹn kan náà ni àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀yà kejì fáírọ́ọ̀sì náà, èyí tó wọ Georgia ní 2007 tó sì dé China ní 2018, ti wà ní Nàìjíríà. Àrùn tó rìn dé China kò ní í rí ojú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Òkìtìpupa bí ohun tó nira.

Kí Gómìnà wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ bá wọ ẹ̀yìnkùlé opó kan ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa. Èèpo ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ́kù nídìí púpurú ni àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ń jẹ, pẹ̀lú àjẹkù tó ń lọ bù nílé olóúnjẹ. Orí wọn ni owó ìdánwò WAEC ọmọ wà, orí wọn náà ni gbèsè ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, abo tó lóyún kò dìde. Kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé, mẹ́ta ti dùbúlẹ̀ tì í. Alápatà yóò dé, ọbẹ rẹ̀ yóò ti wà nínú àpò, àánú yóò wà lójú rẹ̀, iye tí yóò sì dá kò ní í tó owó oúnjẹ tí ẹran kan ti jẹ. Obìnrin náà yóò tà á, nítorí pé ìjọba tó ní kó má tà á kò ní kọ́bọ̀ kan láti fi rọ́pò rẹ̀. Ẹran á dé orí tábìlì ọjà, omi tí wọ́n fi fọ ìfun á gba gọ́tà wọ ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn, alápatà á sì wọ bàtà kan náà lọ sí ọgbà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni òṣì ẹnì kan ṣe ń di àjàkálẹ̀ àrùn.

Ìjọba mọ ọ̀nà àbáyọ, nítorí ó ti tọ̀ ọ́ rí. Nígbà tí àìsàn adìyẹ H5N1 bẹ́ sílẹ̀ ní Jaji, ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ní oṣù Kejì ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ gbé owó gbà-máà-bínú kalẹ̀, ₦250 lórí adìyẹ kan, kí ẹni tí adìyẹ rẹ̀ ń ṣàìsàn má baà fi í pamọ́. Àbí adìyẹ ni ọmọ ìyàwó ni, tí ẹlẹ́dẹ̀ sì jẹ́ ọmọ àlè?

Òde-Ìrèlè yìí gan-an ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti lo ọ̀rọ̀ “lásán”. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn ń kú ní Òde-Ìrèlè láàárín ọjọ́ kan. Ojú wọn á kọ́kọ́ ṣú, iyè á sì ra. Ẹ̀rù Ebola tó wọ Èkó ní 2014 ṣì wà lára gbogbo ènìyàn. Àwọn kan ń fura sí fáírọ́ọ̀sì, àwọn kan ní oògùn apako ni, àwọn kan ní òrìṣà Málòkun ló ń bínú. Ó kéré tán, ènìyàn 18 ló kú, Èkó sì ni àyẹ̀wò ti fi hàn pé kì í ṣe àrùn àkóràn rárá, bí kò ṣe májèlé methanol, tí wọ́n so mọ́ ògógóró. Ibi tí kò bá sí àyẹ̀wò, àròsọ ni yóò máa ṣe dókítà níbẹ̀.

Nítorí náà, kí Gómìnà kéde iye dókítà ẹran tó ń gbowó oṣù ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrèlè àti Òkìtìpupa, pẹ̀lú ibi tí wọ́n jókòó sí. Kí nọ́ńbà kan wà tí ẹni tí ẹran rẹ̀ kú lè pè, kí ẹnì kan sì gbé e. Kí ẹ̀jẹ̀ ẹran tó ń ṣàìsàn rí ibi àyẹ̀wò nínú ìpínlẹ̀ yìí, kó má jẹ́ Vom ní Ìpínlẹ̀ Plateau ni yóò máa lọ dúró sí. Kí wolé-wolé padà sí odò ẹran. Kí owó gbà-máà-bínú wà, kó sì tètè dé, nítorí èyí tó bá dé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, orí ẹran tí wọ́n ti tà tí wọ́n sì ti jẹ ni yóò bá. Ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ ní 2024. Kí Gómìnà rán ilé-iṣẹ́ náà létí pé màlúù nìkan kọ́ ni ẹran ọ̀sìn.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ibà Lassa ń bá jà jù ní Nàìjíríà, kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí a ń kọ́ pé àrùn ẹran kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Lára èkúté ni Lassa ti ń wọ ilé, ilé ìwòsàn ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n sì ń gbé aláìsàn lọ. Nínú ènìyàn 100 tí àyẹ̀wò fi hàn ní Nàìjíríà ní 2025 pé ó ní in, bí 18 ló kú. Èkúté lásán náà ni, nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ará Ìlàjẹ ni Gómìnà fúnra wọn, wọn kò nílò ògbifọ̀ láti mọ ohun tí ẹran ẹ̀yìnkùlé túmọ̀ sí ní agbègbè wa.

Títí di ọjọ́ tí a kọ lẹ́tà yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì wá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà.

Láti Òde-Ìrèlè.